Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Wọ́n Kọ Sílẹ̀?

Ọ̀nà Siluko gbéra láti àárín ìlú Benin, ó dorí kọ ìwọ̀ oòrùn, ó ń wá ìhà Oǹdó bọ̀. Ogida wà létí ọ̀nà yìí, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Egor. Bárékè ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ló sọ àdúgbò náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bí èrò bá ní Ogida lòun ń lọ, bárékè ni awakọ̀ yóò kọ́kọ́ rò. Ìdílé ọlọ́pàá àti ìdílé aráàlú jọ ń gbé ládùúgbò ni. Ọmọ ẹni tó ń mú ọ̀daràn àti ọmọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè di ọ̀daràn jọ ń gba ọ̀nà kan náà lọ ra búrẹ́dì.

Ní irú àdúgbò báyìí, ọ̀rọ̀ ọmọdé tó pa èèyàn kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn lọ́yà nìkan. Ó pẹ́ tí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń da Benin láàmú. Yunifásítì Benin gan-an ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tí ayé wá mọ̀ sí Black Axe sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1977, tí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ sì ní ìjàǹgbara ìran aláwọ̀ dúdú ni àwọn ń bá kiri. Nígbà tó yá, ìjà náà já bọ́ sí ìgboro. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọ ilé ìwé girama, ó wọ ibùdókọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó wá ń kó ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Gómìnà Monday Okpebholo fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹgbẹ́ òkùnkùn ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, inú ọ̀pọ̀ èèyàn sì dùn sí i. Ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ rẹ̀ lójú títì kò ráyè béèrè bóyá ẹni tó yìn ín ti pé ọdún 18.

Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sọ kò ṣòro láti yé. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọta bọ ìbọn, tó mọ ẹni tó ń wá, tó lúgọ dè é títí tó fi jáde nílé, kí ni wọ́n tún ń pè é ní ọmọdé sí? Kó jẹ́jọ́ bí àgbà, kó sì jìyà bí àgbà. Nínú ọjà, nínú ọkọ̀, lórí rédíò, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń já sí nìyẹn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìbínú yìí, nítorí òkú ọmọ ló bí i.

Kò sì mọ sí Benin. Lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kìíní ọdún 2022, ní Òkè Àrẹ̀gbà ní Abẹ́òkúta, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kan kíyè sí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sun nǹkan nínú ìkòkò, ó sì ké sí ọlọ́pàá. Orí èèyàn ni wọ́n bá níbẹ̀, orí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Owó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwọn ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọjọ́ orí àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 17 títí dé 20, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fáwọn oníròyìn pé orí Facebook lòun ti kọ́ ọ. Nínú oṣù kan náà, ní Sagbama ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa, ọlọ́pàá mú àwọn ọmọkùnrin tí kò ju ọdún 15 lọ lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ fi ọmọbìnrin ọdún 13 ṣe ògùn owó. Orí ló kó ọmọ yẹn yọ. Ní Kasoa ní ilẹ̀ Ghana, lóṣù kẹrin ọdún 2021, ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọkùnrin ọdún 10 kan nítorí ògùn owó já lé àwọn ọmọ tí kò tíì jáde nílé òbí wọn lórí.

Ẹni tó bá pe irú nǹkan wọ̀nyí ní eré ọmọdé, ó ṣẹ òkú, ó sì ṣẹ ẹbí òkú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni pé nínú ẹjọ́ bíi ti Abẹ́òkúta, ìdí ìkòkò kan náà ni ọmọ ọdún 17 àti ọmọ ọdún 20 jókòó sí. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, tàbí ọdún kan, tàbí oṣù mélòó kan, síbẹ̀ òfin ní ọ̀nà tí ọ̀kan yóò gbà kọ́ ni èkejì yóò gbà. Bí wọ́n bá ní kí bàbá ọmọbìnrin náà wá sọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́, kí ni yóò sọ?

Ìdí ìyàtọ̀ náà kò jìnnà sí ohun táwọn baba wa mọ̀, pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 15 mọ̀ pé ikú ń bẹ, ó sì mọ̀ pé kò dára láti pa èèyàn. Ohun tí kò tíì lè ṣe bí àgbà ni kó dá ara rẹ̀ dúró nígbà tí ẹgbẹ́ ń tì í, tàbí kó ro ohun tí yóò gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú tó yẹ kó rò ó. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìjọba kan láyé tó gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè láti dìbò tàbí láti fọwọ́ sí ìwé yíyá owó. Kò bọ́gbọ́n mu kó jẹ́ ọjọ́ tó bá dáràn nìkan la óò rí i pé ó ti dàgbà.

Kí ni òfin Nàìjíríà wá wí? Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 kò lè jẹ̀bi ọ̀ràn kankan. Láti ìgbà náà títí dé 12, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ó mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe kò dára. Òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1943 dá ilé ẹjọ́ ọmọdé sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 17, ṣùgbọ́n ó fi ihò méjì sílẹ̀. Ọmọ tó bá pa èèyàn kò ní dúró ní ilé ẹjọ́ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kan òun àti àgbà pa pọ̀. Ihò kejì yìí ni ká fi sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gba ibẹ̀ já bọ́.

Ọjọ́ tí wọn yóò ka ọjọ́ orí sí pàápàá fa wàhálà. Ní 1960, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè nígbà náà dájọ́ pé ọjọ́ orí ẹlẹ́bi lọ́jọ́ ìdájọ́ ló ṣe kókó. Ìyẹn ni pé bí ọmọ ọdún 16 bá dáràn, tí ẹjọ́ náà sì fa ọdún méjì, ikú ti tọ́ sí i. Wọ́n tún òfin náà ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n wò. Nígbà tó di 1988, nínú ẹjọ́ Modupe àti Ìjọba, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ kò tíì pé ọdún 17 nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, adájọ́ kò gbọ́dọ̀ kéde ìdájọ́ ikú lé e lórí, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988 yẹn kan náà, ní Èkó, ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ fún ẹjọ́ ìdigunjalè dájọ́ ikú fún ọ̀dọ́ méjìlá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí wọ́n mú un ní 1984. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyẹn kò sí lábẹ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí náà ohun tí àwọn adájọ́ àgbà ń sọ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ariwo tó ta nílé àti lókè òkun ló gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ ikú. Kò gba gbogbo ọmọ. Lóṣù keje ọdún 1997, wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọdún 17 kan ní gbangba lórí ìdigunjalè tí wọ́n ní ó ṣe nígbà tó wà ní 15.

Benin mọ ibi tí ìbẹ̀rù tó ń ti irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ti wá. Ní 1986, Lawrence Anini àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sọ ìlú náà di ibi tí èèyàn ti ń sá wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n pa ọlọ́pàá, wọ́n ja báǹkì, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, sì wà lẹ́yìn wọn. Lóṣù kejìlá ọdún náà ni ọwọ́ tẹ Anini. Lóṣù kẹta ọdún 1987 ni wọ́n yìnbọn pa á. Kì í ṣe ọmọdé, ó ti lé ní ọdún 25. Àmọ́ ẹ̀rù tó ba ìlú kò kúrò lọ́kàn ìran tó rí i, ìran yẹn náà ló sì tọ́ àwọn òbí òde òní dàgbà. Bí àwọn àgbà Benin bá ń sọ pé kí wọ́n má ṣe fojú àánú wo ọmọ tó gbé ìbọn, ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń sọ.

Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, Ìpínlẹ̀ Ẹdó sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007. Òfin yìí sọ ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 di ọmọdé. Ó ní ilé ẹjọ́ ẹbí ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n pe òbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá mú un, kí wọ́n má kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n má jù ú sẹ́wọ̀n, kí wọ́n má nà án, kí wọ́n má sì pa á. Àwọn tó ń bínú sí òfin náà kà á débẹ̀, wọ́n pa ìwé dé. Wọn kò ka ibi tó ti fún adájọ́ láṣẹ láti fi ọmọ tó dá ọ̀ràn ńlá sí àhámọ́ fún iye àkókò tí ilé ẹjọ́ bá là sílẹ̀. Kò síbi tí òfin náà ti ní kí ọmọ tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ máa lọ sílé lọ jẹun. Ohun tó ń béèrè ni pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ níbi tó ti yé e, kí wọ́n sì tì í mọ́ ibi tí kò sí àgbà ọ̀daràn tí yóò sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Akatugba fi hàn bí òfin náà ṣe ń rìn tó bá kúrò lórí ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ọmọ ọdún 16 ni, ó ń retí èsì ìdánwò tó fi ń parí ilé ìwé girama. Ìpínlẹ̀ Delta ló ń gbé, ìpínlẹ̀ tí òun àti Ẹdó jọ wà nínú Bendel àtijọ́. Àwọn sójà mú un, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó fi ìbọn gba fóònù mẹ́ta lọ́wọ́ èèyàn. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n yìnbọn lù ú lọ́wọ́, wọ́n lù ú, wọ́n gbé òkú kan síwájú rẹ̀ pé kó sọ ẹni tó jẹ́. Nígbà tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n tún lù ú. Nígbà tó dé ọwọ́ ọlọ́pàá, wọ́n so ó rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, wọ́n fi ẹ̀mú fa èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, wọ́n wá gbé ìwé ìjẹ́wọ́ méjì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún un pé kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i.

Ọdún mẹ́jọ ló lò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ náà kò yọjú sí kóòtù. Ìwé tó fọwọ́ sí nínú ìrora ni ẹ̀rí. Lóṣù kọkànlá ọdún 2013, adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún un. Ẹ rántí pé oṣù márùn-ún péré ṣáájú ni wọ́n yẹgi fún ọkùnrin mẹ́rin nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Benin, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà yóò pa ẹlẹ́wọ̀n láti 2006. Nítorí náà, kì í ṣe ìdájọ́ orí ìwé lásán. Okùn ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹgbẹ́ Amnesty gbé ọ̀rọ̀ Moses ká gbogbo ayé, lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó lé ní 800,000 sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2015, ó ku ọjọ́ kan kí Gómìnà Emmanuel Uduaghan fi ipò sílẹ̀, ó dárí jì í. Ọmọ tó wọlé ní 16 jáde ní ẹni ọdún 26.

Ìgbà tí wọ́n dájọ́ Moses, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti pé ọdún mẹ́wàá, ìdájọ́ Modupe sì ti pé ọdún 25. Kò sí èyí tó gbà á sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ronú lé lórí nìyẹn. À ń béèrè bóyá ká máa dájọ́ ọmọdé bí àgbà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí ni.

Ibi tí ẹjọ́ ọmọdé sì ti ń di ti àgbà kì í ṣe iwájú adájọ́. Orí káńtà àgọ́ ọlọ́pàá ni. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á ṣí ìwé ńlá, á béèrè orúkọ, á béèrè ibùgbé, á béèrè ọjọ́ orí. Ọmọ á ní ọdún 16. Ọlọ́pàá á wò ó látòkè délẹ̀, á wo gíga rẹ̀, á gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ti ki, á sì kọ 19. Ó lè jẹ́ pé kò gbà á gbọ́ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń wò: bó bá kọ 16, àfi kó wá òbí rẹ̀ kàn, kó yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn àgbà inú àhámọ́, kó wá ilé ẹjọ́ tó tọ́ sí i, kó wá ibi tí wọn yóò fi ọmọ náà pamọ́ sí. Bó bá kọ 19, iṣẹ́ ti tán.

Nọ́ńbà 19 yẹn ni wọn yóò dà kọ sínú ìwé ẹ̀sùn. Inú ìwé ẹ̀sùn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n yóò ti dà á kọ. Nígbà tí ẹjọ́ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ náà ti hu irùngbọ̀n nínú àtìmọ́lé, agbẹjọ́rò tí kò rí i rí ṣáájú á dìde pé ọmọdé ni oníbàárà òun, kóòtù á sì wo ojú ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí dà? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn kò gbà á rí. Ìyá lè sọ pé ọdún tí wọ́n ṣe báyìí-báyìí lòun bí i, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àfidáfíìtì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti délẹ̀ kì í pẹ́ di ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba yóò fi rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá tún wá kó ọmọ náà pọ̀ mọ́ ẹni ọdún 30 nínú ìwé ẹ̀sùn kan, ihò 1943 ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn, bí òfin tuntun tilẹ̀ wà.

Ẹni tó bá rò pé ti ìgbà ológun nìyẹn, kó rántí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, níwájú Adájọ́ Obiora Egwuatu ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja, wọ́n kó èèyàn 76 wá lórí ìwọ́de ebi tó wáyé lóṣù kẹjọ, bíi ọgbọ̀n nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba wà lára ẹ̀sùn wọn, ẹ̀sùn tí ikú ń bẹ nídìí rẹ̀. Inú àtìmọ́lé ni wọ́n ti wà láti oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ mẹ́rin ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù náà, ojú gbogbo ayé sì rí i lórí fóònù, ọmọ tó rù kan egungun tó ń jà lórí ilẹ̀. Mílíọ̀nù 10 náírà ni béèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Bola Tinubu ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Wọn kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó sọ pé wọ́n pa èèyàn. Bí ọmọ tó gbé àsíá lọ́wọ́ bá lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò dúró ti ọmọ tí wọ́n bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó dára ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ọmọ wa lókè òkun, tó jẹ́ pé ọmọdé ló pa á. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bí ní Èkó, ń ti ilé ìkàwé bọ̀ ní Peckham ní gúúsù London. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé ìlú náà. Wọ́n fi ìgò fífọ́ gún un ní itan, ó wọ́ dé ibi àtẹ̀gùn ilé kan, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ títí ó fi kú. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2002 forí ṣánpọ́n. Àwọn onímọ̀ tún aṣọ àti bàtà tí wọ́n kó pamọ́ yẹ̀ wò, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tí àwọn àkọ́kọ́ kò rí, nígbà tó sì di 2006 ilé ẹjọ́ Old Bailey dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lẹ́bi pé wọ́n ṣekú pa á. Ọdún 12 àti 13 ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní àtìmọ́lé àwọn ọ̀dọ́.

Ọdún mẹ́jọ kò tó lójú ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé London, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì tún padà sẹ́wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, nítorí pé kò pa àdéhùn mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò fa iyèméjì nínú ẹjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó jiyàn lórí ọjọ́ orí wọn. Wọn kò fa èékánná ẹnikẹ́ni yọ. Ẹ̀jẹ̀ ara bàtà ló sọ̀rọ̀. Ìyá Damilola, Gloria, kú ní 2008. Bàbá rẹ̀, Richard, lo ìyókù ayé rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìgboro London, nínú àjọ tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè, kí wọ́n má baà gbé ọ̀bẹ. Oṣù kẹta ọdún 2024 lòun náà kú. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ ká fi dandan lé e fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé ó mọ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú, ìmọ̀ yẹn sì wà lára ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdílé tí wọ́n bá gbé ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀mú gba ìjẹ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ fún kò tíì mọ ẹni tó pa òkú wọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe é kọjá bó ṣe yẹ rí. Nígbà tí ọmọ ọdún 10 méjì pa James Bulger, ọmọ ọdún méjì, ní 1993, inú kóòtù àgbà ní Preston ni wọ́n ti dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n gbé ibi tí wọ́n jókòó ga sókè kí wọ́n lè máa ríran. Ní 1999, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù ní ìgbẹ́jọ́ náà kò tọ́, nítorí ohun tó ń lọ níwájú àwọn ọmọ náà kò yé wọn tó láti gbèjà ara wọn. Amẹ́ríkà ló wá lọ jìnnà jù. South Carolina fi iná mànàmáná pa George Stinney, ọmọ ọdún 14, ní 1944. Ọdún 2014 ni adájọ́ tó fagi lé ẹ̀bi rẹ̀, lẹ́yìn 70 ọdún. Ní àwọn ọdún 1990, ìpínlẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀ tún ṣe òfin tó ń ti ọmọdé lọ sí kóòtù àgbà. Ní 2007, àwọn onímọ̀ tí àjọ ìlera ìjọba wọn, CDC, kó jọ yẹ àbájáde rẹ̀ wò: àwọn ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù àgbà fi nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tó kù lọ nínú pé kí ọwọ́ tún tẹ̀ wọ́n lórí ìwà ipá tàbí ọ̀ràn mìíràn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti fòpin sí pípa ẹni tó dáràn kó tó pé ọdún 18 ní 2005.

Nọ́ńbà 34 yẹn yẹ kó kan ará Ogida ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tí wọ́n bá mú ní 16 yóò jáde lọ́jọ́ kan, àdúgbò tó ti kúrò ni yóò sì padà sí. Bó bá jẹ́ inú yàrá àwọn àgbà ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ti lo ọdún mẹ́jọ, ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni yóò mú wálé. Benin sì ti rí ọjọ́ tí wọn kò dúró de ìdájọ́ rárá: ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n méjèèjì tó wà nílùú náà, ẹlẹ́wọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 sì rìn jáde.

Nítorí náà, kí ọmọ tó pa èèyàn jẹ́jọ́, kó má sì jẹ́ ẹjọ́ kékeré. Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga tó ń jókòó gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ ẹbí ni kó gbọ́ ọ, pẹ̀lú agbẹjọ́rò àti òbí nítòsí, láìsí kámẹ́rà. Bí ẹ̀bi bá wà, kí àhámọ́ náà gùn tó bí ọ̀ràn ṣe wúwo tó, kí ilé ẹjọ́ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà. Kí ẹbí òkú ní àyè nínú kóòtù, kí wọ́n gbọ́ ìdájọ́ láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ẹni tó fún ọmọ náà ní ìbọn, tó mú un wọ ẹgbẹ́, tó rán an níṣẹ́, òun ni kí òfin 2025 kọ́kọ́ wá lọ, nítorí ọmọ ọdún 15 kì í ra ìbọn fúnra rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n má gba ọjọ́ orí tí ọlọ́pàá kọ gẹ́gẹ́ bí òótọ́ títí tí májísíréètì yóò fi wádìí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an tí ọmọ náà dé iwájú rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ ojú ọmọdé.

Ibi tí wọn yóò tì í mọ́ ló kù. Gbogbo Nàìjíríà, ọgbà ìtúnwàṣe ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Borstal kò ju mẹ́ta lọ, ní Kàdúná, ní Ganmo lẹ́bàá Ìlọrin, àti ní Abẹ́òkúta. Ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà. Kò sí ọ̀kankan ní gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní gúúsù-gúúsù. Ìyá tó bá ń gbé Ogida, tí ilé ẹjọ́ bá fi ọmọ rẹ̀ sí ti Abẹ́òkúta, yóò wọ mọ́tò láti Benin gba Ọ̀rẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde títí débẹ̀ kó tó fojú kàn án. Òfin iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣe ní 2019 sọ pé kí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, Ẹdó sì wà lára wọn.